Ẹni Tí A Dè Kí Ó Lè Sàn

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí lójú ọjà lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú ọjà ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀: ènìyàn kan ń jó níbi tí kò sí ìlù, àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé e, àwọn ọlọ́jà ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì òwe náà kò sí lójú ọjà. Inú ilé ni ó wà, lọ́dọ̀ ìyá tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ó ti kó gbogbo ọ̀bẹ ilé ìdáná pamọ́, lọ́dọ̀ bàbá tí ó ń ka iye owó tí ó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn mẹ́rin. Nínú ilé yẹn ni ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ti ń dìde. Bí ẹni wa bá ń ṣàìsàn ọpọlọ, tí ó sì kọ̀ láti gba ìtọ́jú, ǹjẹ́ a ní ẹ̀tọ́ láti mú un ní tipátipá? Bí ẹ̀tọ́ náà bá wà, ọwọ́ ta ni ó wà?

Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í parí sínú ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ilé ìwòsàn gba ará wọn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ni wọn yóò kọ, dókítà yóò fọwọ́ sí i, adájọ́ yóò sì dá sí i. Ọ̀pọ̀ òbí ni èyí máa ń bí nínú. Wọ́n á ní: «Ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i. Kí ni adájọ́ mọ̀ nípa rẹ̀?» A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbínú yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló mọ bí ó ṣe ń dùn ún tó. Síbẹ̀ a gbà pé adájọ́ náà ní iṣẹ́ kan tí ìyá kò lè ṣe. Kì í ṣe pé ìyá burú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tí àárẹ̀ ti mú kì í wá ohun méjì mọ́: ìsinmi nìkan ni ó ń wá. Ìsinmi rẹ̀ àti ìwòsàn ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ ohun kan náà ní ọjọ́ kan, kí wọ́n sì pínyà ní ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ tàbí lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, nínú ẹjọ́ ọkọ àti aya, nínú ẹjọ́ gbèsè, baálé tí ó bá dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá kan ẹni tí wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú, òwe náà á kúrò lẹ́nu wa. Bí ó bá kígbe, àìsàn ni. Bí ó bá dákẹ́, àìsàn ni. Bí ó bá ní ara òun le, a ó ní: ẹ ò rí i, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn àìsàn ọpọlọ kan wà tí wọ́n máa ń gba ìmọ̀ àìsàn náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é, débi pé ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ ni yóò bá ẹni tí ó gbé e wá jà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lásán, yóò sọ: «Kò sí ohun tí ó ṣe mí.» Láti inú ilé, a kò lè fi gbólóhùn náà nìkan mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan, kí a sì mọ ẹni tí ó jẹ́ èkejì.

Ilẹ̀ Faransé, tí òfin rẹ̀ ní ipa púpọ̀ lórí tiwa, gbé òfin kan jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1838 lórí àwọn tí ó pè ní aliénés. Òfin náà ṣí ilẹ̀kùn méjì sí ilé ìtọ́jú. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba: préfet ni yóò pàṣẹ. Èkejì jẹ́ ti ìdílé: ará ilé yóò kọ ìwé ìbéèrè, dókítà yóò kọ ìwé ẹ̀rí, wọn yóò sì mú aláìsàn wọlé. Orúkọ tí wọ́n fún ilẹ̀kùn kejì yìí ni placement volontaire. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Volontaire, ìyẹn ni pé ó ti inú ìfẹ́ wá. Ìfẹ́ ta ni? Kì í ṣe ti aláìsàn. Ìfẹ́ ará ilé ni òfin ń sọ. Títí di ọdún 1990 tí òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe sí ènìyàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ohun tí ó ti inú ìfẹ́ wá, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ ẹ ni kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n mú Camille Claudel gbà wọlé. Oníṣẹ́ ọnà ni, ó ń fi amọ̀ mọ ère, ó ń gbẹ́ òkúta mábù, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú musée ní Paris àti ní Nogent-sur-Seine títí di òní. Bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ń tì í lẹ́yìn nínú ìdílé náà, kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1913. Ní ọjọ́ 10 oṣù kan náà, wọ́n wá mú un nínú ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Ville-Évrard. Ní ọdún 1914, nígbà tí ogun dé, wọ́n kó o lọ sí Montdevergues, nítòsí Avignon. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1943. Ọgbọ̀n ọdún ni ó lò láìjáde.

A kò sọ pé ara rẹ̀ le ní ọdún 1913. Ó ti ń fọ́ àwọn ère tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ó ti ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó gbà pé Rodin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti fi májèlé pa òun. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ wa ni, ó ṣeé ṣe kí àwa náà kọ ìwé ìbéèrè. Ohun tí ó ń dà wá láàmú ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìdílé rẹ̀ ní kí wọ́n dènà lẹ́tà àti àlejò. Nígbà tí àwọn dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé a lè gbìyànjú kí ó jáde, ìyá náà kọ̀. Kò wá wò ó rí títí òun fúnra rẹ̀ fi kú ní ọdún 1929. Paul, àbúrò rẹ̀, akéwì tí gbogbo ayé mọ̀, ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún sì máa ń wà láàárín ìbẹ̀wò kan àti èkejì. Òfin 1838 kò fi aláìsàn sílẹ̀ pátápátá: ó ní kí àwọn aláṣẹ máa bẹ ilé ìtọ́jú wò, ó sì gbà kí a kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ láti béèrè ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí òfin sọ ọ́ di dandan fún láti jókòó níwájú obìnrin yìí, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bá a kọ̀wé ni àwọn tí kò fẹ́ kí ó jáde.

Ó pẹ́ kí ìyẹn tó yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2010, Conseil constitutionnel sọ pé kò bá òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà mu kí ilé ìwòsàn mú ènìyàn mọ́lé láìfẹ́ rẹ̀ ju ọjọ́ 15 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ dá sí i. Òfin ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2011 sọ ọ́ di ìlànà, òfin ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 sì dín àkókò náà kù sí ọjọ́ 12. Ní báyìí, àwọn dókítà gbọ́dọ̀ tún yẹ aláìsàn wò kí wákàtí 24 tó pé, lẹ́yìn náà kí wákàtí 72 tó pé. Agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ wà fún un. Inú ilé ìwòsàn ni ìjókòó náà sì ti yẹ kí ó máa wáyé, kí a má baà máa wọ́ aláìsàn lọ sí kóòtù bí olè. Bí wọn kò bá tú u sílẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Adájọ́ kì í sọ irú oògùn tí aláìsàn yóò lò, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè kò pọ̀: ṣé ẹni yìí ni ìwé náà ń sọ? Ṣé ohun tí ó sọ ṣì rí bẹ́ẹ̀? Ṣé kò sí ọ̀nà tí ó rọ̀ ju èyí lọ?

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé tí adájọ́ bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a wo Florida, ní Amẹ́ríkà, níbi tí adájọ́ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kenneth Donaldson ni ó lọ bá ilé ẹjọ́ pé ọmọ òun ń rò pé àwọn ènìyàn fẹ́ pa òun. Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ṣókí, ó sì ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Chattahoochee. Oṣù kìíní ọdún 1957 ni. Ó jáde ní ọdún 1971. Kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ̀wé léraléra pé òun yóò gbà á sọ́dọ̀. Ilé kan tí ń gba irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sọ ohun kan náà. Olórí ilé ìwòsàn kọ̀: ó ní àwọn òbí rẹ̀ nìkan ni òun lè fà á lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí náà ti darúgbó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1975, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti kàn mú ènìyàn mọ́lé bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò léwu fún ẹnikẹ́ni, tí ó sì lè gbé ayé rẹ̀ láìséwu fúnra rẹ̀ tàbí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ tí ó ṣeé fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ yẹn ni ó dára jù lójú tiwa nínú gbogbo ìdájọ́ náà.

Lọ́dọ̀ Claudel, adájọ́ kò wá. Lọ́dọ̀ Donaldson, ó wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì padà wá. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé kì í ṣe okùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ba ayé wọn jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí okùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ẹni tí ó so okùn náà bọ́ sílé, ó sì rò pé iṣẹ́ òun ti parí. A máa ń ronú pé ìbéèrè ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni: ǹjẹ́ ó tọ́ láti dè é? A ti wá gbà pé ìbéèrè tí ó tóbi jù ú lọ ni: ọjọ́ wo ni a ó padà wá wò ó, ta ni yóò sì wá?

Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwa kì í mú ọmọ wa lọ sí kóòtù. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í sábà dé iwájú adájọ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ṣé a ti rí òmìnira nínú ìyẹn? Ẹni tí ó bá ti rìn dáadáa ní àwọn abúlé wa mọ ààbà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀, ó mọ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń so ènìyàn mọ́ igi, lẹ́yìnkùlé ilé, ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ní àgọ́ àdúrà. Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan: ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde ní ọdún 2020 rí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 60. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ti ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Côte d'Ivoire, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ láti abúlé dé abúlé láti já àwọn ẹ̀wọ̀n yìí. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. (Ẹni tí ó kọ́kọ́ tú ẹ̀wọ̀n irin kúrò lára àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Bicêtre, ní Paris, ní ọdún 1797, Jean-Baptiste Pussin, kì í ṣe dókítà bákan náà. Alábòójútó ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ aláìsàn ní ilé yẹn rí. Bóyá ojú tí kò tíì kọ́ ìwé púpọ̀ ni ó máa ń tètè rí irin.)

A kò ní bú àwọn ìdílé tí ó so ọmọ wọn. Ẹni tí ó so ọmọ rẹ̀ mọ́ òpó kí ọkọ̀ akẹ́rù má baà pa á lójú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀tá ọmọ náà. Ilé ìwòsàn jìnnà. Ẹni tí ó ti Ṣábẹ fẹ́ dé Jacquot ní Cotonou, tàbí tí ó ti Atakpamé fẹ́ dé Zébé, yóò san owó ọkọ̀ kí ó tó san owó oògùn, yóò sì gbé aláìsàn náà sínú ọkọ̀ láàárín àwọn èrò tí ẹ̀rù ń bà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ó ti rí. Níbi tí adájọ́ kò sí, ìdílé ni ó di olùpẹ̀jọ́, ìdílé ni ẹlẹ́rìí, ìdílé ni adájọ́, ìdílé náà ni wọ́dà. Kò sí èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àti pé, kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa, gbogbo ìdílé kọ́ ni ó ní ọwọ́ mímọ́. Bí a bá ń dá oko ẹni tí a so, ó yẹ kí ẹlòmíràn wá wo okùn náà.

Àwọn ará wa ní Abẹ́òkúta fi ọ̀nà kan hàn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní Arò. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí i ká. Wọn á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọn á padà sí abúlé lálẹ́, wọn á jẹun pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ìlànà kan wà tí ó dùn mọ́ wa gan-an: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ará ilé kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó sì dúró tì í. Ní Dakar, Henri Collomb àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fann gba ará ilé láàyè bákan náà. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ṣe é láti fi yẹ́ wọn sí lásán. Wọ́n mọ gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí ń mú ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ sùn. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ rí reserpine nínú igi kan ní Íńdíà tí òun àti asofẹ́yẹjẹ jẹ́ ìbátan. Ọdún 1952 náà ni Delay àti Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í lo chlorpromazine ní Sainte-Anne ní Paris. Láti ìgbà náà, ìbéèrè wa ti yí padà ju bí a ti ń rò lọ. Kí àwọn oògùn wọ̀nyí tó dé, ẹni tí ó bá dè aláìsàn lè máa dè é títí ayé láìmọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Lẹ́yìn wọn, fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìdè náà ní àwáwí fún. Ẹ̀wọ̀n tí ó pẹ́ ju oògùn lọ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Àwọn kan yóò sọ pé adájọ́ ń pẹ́, àìsàn kì í dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí a dúró de adájọ́ kí a tó di ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ sínú kànga mú. Ní Ítálì, láti ìgbà tí òfin 180 ti ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1978 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé ìtọ́jú ńlá pa, dókítà méjì ni ó ń sọ pé ó di dandan, maire ìlú ni ó ń fọwọ́ sí i, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi tó o létí. Ọjọ́ 7 ni àṣẹ náà ń lò; bí wọ́n bá fẹ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ tún béèrè. Àṣẹ kúkúrú tí a ní láti tún béèrè dára ju àṣẹ gígùn tí a lè gbàgbé lọ.

Àwọn mìíràn sọ pé kò yẹ kí a fi agbára mú ẹnikẹ́ni láéláé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn lé orí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní àìpé ara, tí ìpín 14 rẹ̀ sọ pé àìpé náà fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ ìdí láti gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn. A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ti wà nínú okùn náà rí, tí wọ́n sì mọ ohun tí àwa kò mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè bá wọn dé òpin ọ̀nà náà. Ẹni tí ó ń mu omi gọ́tà, tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn, tí ó sì ń lé ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá nítorí ohùn kan tí òun nìkan ń gbọ́, bí a bá fi í sílẹ̀ tí a ní a bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ rẹ̀, a ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyà mọ́lẹ̀. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn ni èyí: kí a tó fi agbára mú un, kí a lè dárúkọ ohun rírọ̀ tí a ti kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró tún ṣe ọ̀tọ̀. Ẹni tí sódàbì ti mú lẹ́rú, tàbí ọ̀dọ́ tí kò lè ṣe láìlo tramadol, kò sọ orí rẹ̀ nù bí ti aláìsàn ọpọlọ. Lówùúrọ̀, yóò sunkún, yóò bẹ ìyá rẹ̀, yóò búra. Nírọ̀lẹ́, yóò ta ìkòkò ìyá náà. Ìfẹ́ méjì ni ó wà nínú ènìyàn kan ṣoṣo; èwo ni kí a bọ̀wọ̀ fún? Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1954 jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè fi ọ̀mùtí tí ó léwu fún àwọn ẹlòmíràn sí ibi ìtọ́jú, òfin ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1970 sì dá injonction thérapeutique sílẹ̀ fún àwọn tí ń lo oògùn olóró. Nínú èkejì yìí, ó dàbí ẹni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di arúfin kí a tó rán an lọ tọ́jú ara rẹ̀. Florida gba ọ̀nà mìíràn: láti ọdún 1993, òfin tí wọ́n ń pè ní Marchman Act jẹ́ kí ará ilé fúnra wọn lọ bẹ adájọ́. A kò rò pé ilé ẹjọ́ lè fún ẹnikẹ́ni ní ìfẹ́ láti jáwọ́. Ohun tí ó lè fún un ni ọjọ́ díẹ̀ tí orí rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹni òwúrọ̀ lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà níbí tí gbogbo ìdílé gbọ́dọ̀ mọ̀, ì báà jẹ́ pé wọn kò gba ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, bí a bá tì í mọ́ yàrá tí a sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọwọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni irú ìjáwọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wáyé. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ẹ̀mí burúkú ni ó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí ó ń gbọ̀n, wọn á sì tún okùn fún sí i.

Fún irú ẹni báyìí, àti fún aláìsàn ọpọlọ tí àìsàn rẹ̀ máa ń lọ tí ó sì máa ń padà, a rí ọ̀nà kan tí kò nílò agbẹjọ́rò olówó ńlá. Nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, kí a jókòó tì í, kí a bi í léèrè: bí ó bá tún gbé dé, kí ni o fẹ́ kí a ṣe sí ọ? Ta ni kí a pè? Ibo ni o kò fẹ́ kí a mú ọ dé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdáhùn, ó sì máa ń ṣe kedere, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà tó wọn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun fọwọ́ sí i. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta: ará ilé kan, ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe ará ilé tí kò sì ní ìpín nínú ogún, àti nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù tí wọ́n sì ń dáwó fún ìsìnkú, lè ran àwọn ìdílé lọ́wọ́ láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa yan ẹnì kejì nínú àwọn mẹ́ta náà. Bí ó bá di dandan kí wọ́n mú un ní tipátipá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ pinnu, wọn yóò sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá jókòó níwájú rẹ̀, ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ọjọ́ ìpàdà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn.